Wákàtí Mẹ́wàá Àbọ̀ sí Montréal

Bí ẹ bá dé Ikpinlè tí ẹ béèrè Ẹfúnwùmí, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé Ẹfúnwùmí wo. Ẹ sọ pé èyí tí kì í jẹ epo. Ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ẹbu epo wà lẹ́yìn ilé gbogbo, obìnrin kan ṣoṣo yìí ń jẹ ọbẹ̀ funfun láti kékeré, kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gàrí ló ń yan tà, gàrí rẹ̀ sì máa ń funfun báláú. Bí oníbàárà bá ní kó ta epo díẹ̀ sí i kó lè pọ́n, yóò ní kí onítọ̀hún kọjá síwájú, àwọn tó ń pọ́n gàrí wà níbẹ̀.

Èmi ni Sàrátù, aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí agbo ilé wọn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan péré ló là wá láàárín. Mùsùlùmí ni mí, n kì í wọ ilé òòṣà, ṣùgbọ́n kò sí ìmáàmù tó ní kí n di ojú mi nígbà tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. Ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ìdajì yòókù, ẹnu Ẹfúnwùmí ni mo ti gbọ́ ọ, obìnrin náà kì í sì í purọ́. Irọ́ ń fẹ́ sùúrù, kò sì ní in.

Ọwọ́ Òòṣàálá ni ìyá rẹ̀ ti tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti wá ọmọ títí. Láti ìgbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n ti so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, tí wọ́n sì fi ẹ̀gbà òjé sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá àgbà tó ń tọ́jú ojúbọ ilé wọn kú, òun ni wọ́n fi rọ́pò, ó sì ti pẹ́ gan-an báyìí. Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọrọọrún ni ọ̀sẹ̀ òòṣà ń pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, yóò pọn omi tútù wá láti ojú odò, yóò da èyí tó wà nínú ìkòkò tẹ́lẹ̀ nù, yóò sì bu tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ omi náà. Bí ó bá bímọ, tàbí tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ọmọ ilé yòówù, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè bá a pọn ọ́n. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ayé kò sì parẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló yè fún un, ìyẹn Rosine. Rosine ka ìwé ní Porto-Novo, ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀, ọkọ sì mú un lọ sí Montréal, ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sí ọmọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, bí Ẹfúnwùmí bá ti bu omi tán, orúkọ Rosine ni mo máa ń gbọ́ tó ń pè lójúbọ. Mo máa ń ṣe àmín tèmi lábẹ́lẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ta ló kọ àdúrà?

Lọ́dún tó kọjá, Rosine pè é lórí tẹlifóònù pé oyún ti dúró. Ẹfúnwùmí kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí tó fi ń yan gàrí, ó ní, "Òòṣà yóò ya ọnà ire kò wá o," ó wá fi ìborùn bo ojú. Nígbà tí oyún náà dàgbà, Rosine tún pè.

"Màmá, ta ni yóò bá mi wẹ ọmọ?"

"Ta lo fẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe èmi?"

Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ omi àti ọṣẹ lásán ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, àkọ́bí tí ọmọbìnrin bá bí, ìyá ìyá ọmọ náà ló ń wẹ̀ ẹ́ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Yóò fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ kó lè rí rogodo, yóò fi òrí ra gbogbo oríkèé ara rẹ̀, yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀, yóò sì tún fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ nínú. Ọmọ tí wọn kò bá wẹ̀ dáadáa, bó bá dàgbà tán tó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Rosine àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá físà. Ó gba oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fátókun ni olórí ẹbí wọn, ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Ẹfúnwùmí, òun ló sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn fẹ́ràn òfin ni, pàápàá òfin tó bá de ẹlòmíràn. Ó pe ìpàdé síwájú ilé rẹ̀, gbogbo wọn péjọ, àti Igbẹ́kọ̀yí, àbúrò bàbá wọn obìnrin, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, tó ń jẹ orógbó lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sọ nǹkan kan. Mo pa ẹ̀rọ mi, mo fi abẹ́rẹ́ ṣe bí ẹni tó ń ká etí aṣọ.

Fátókun ní òun kò ní kí àbúrò òun má lọ, ṣùgbọ́n kó tètè padà kí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wá pe Kòkúmọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Adja-Ouèrè, pé kó wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó nínú pọ́táàbù rẹ̀. Kòkúmọ́ tẹ orúkọ ìlú méjèèjì.

"Láti Cotonou dé Montréal, kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé irinwó. Wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ ni avíọ̀n fi ń fò ó."

"Mẹ́wàá àbọ̀ péré?" Fátókun rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mò ń bá ọkọ̀ àgbàdo lọ sí Parakou, a máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà."

Ó wá ṣètò rẹ̀ fún wọn. Kí Ẹfúnwùmí pọn omi ọ̀sẹ̀ láàárọ̀, kó gun alùpùpù zémìjàn, kó wọ ọkọ̀ dé Cotonou, kó wọ avíọ̀n, yóò dé lọ́jọ́ náà. Kó wẹ ọmọ fún ọjọ́ méjì, kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han Rosine, kó sì gbéra padà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò bá a nílé. Gbogbo wọn mirí pé ó dára. Bí ẹni tó gé aṣọ láìwọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ni wọ́n ṣe rí lójú mi, ṣùgbọ́n kí ni èmi náà mọ̀? Ẹfúnwùmí nìkan ló béèrè nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, avíọ̀n náà, ìgbà wo ló ń gbéra?"

"Bó bá ti kún."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ wo ló wà níbí tí kì í dúró kó kún kó tó gbéra? Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí.

Rosine ló tú àṣírí ìṣirò náà fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó pè é, tí Ẹfúnwùmí sì gbé tẹlifóònù náà wá sọ́dọ̀ mi kí n bá a mú ohùn rẹ̀ ròkè. Rosine ní kò sí bàálù tó ń lọ tààrà láti Cotonou sí Montréal. Èyí tí Kòkúmọ́ rí, ńṣe ni wọ́n fa ìlà gbọọrọ láti ìlú kan dé èkejì lórí àwòrán ayé, tí wọ́n ṣírò bí bàálù yóò ṣe pẹ́ tó bó bá tọ ìlà náà. Ìlà kì í dúró de ènìyàn, kì í sì í pààrọ̀ ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ yóò lọ sí Casablanca, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò jókòó pẹ́ níbẹ̀, yóò tún wọ bàálù mìíràn. Bí wọ́n bá ka ìrìn Ikpinlè sí Cotonou mọ́ ọn, ọjọ́ kejì yóò ti fẹ́ ṣú kó tó fojú kan ọmọ. Ọjọ́ tí yóò padà pẹ̀lú ti wà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lílọ àti bíbọ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọ̀sẹ̀ tán, láì tíì fi ọwọ́ kan kàn-ìn-kàn-ìn.

Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́, kó lọ, kó dé ọ̀hún tán kó tó sọ pé ọkọ̀ já òun kulẹ̀. Mo tilẹ̀ dá a lábàá fún un. Ó wò mí bí ẹni pé mo gé aṣọ rẹ̀ sódì, ó sọdá ọ̀nà, ó lọ bá Fátókun níbi tó ti ń jẹun.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá sọ fún yín. N kò ní í padà kí ogójì ọjọ́ ọmọ tó pé."

Fátókun gbé òkèlè sílẹ̀. "Òòṣà ńkọ́?"

"Ọmọ ilé pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi pọn omi."

"Àìsàn là ń bá ènìyàn pọn omi fún. Ìrìnàjò kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó máa jókòó."

Àwọn ará ilé ti ń jáde síta. Ẹfúnwùmí sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọrùn rẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ bọ́ ọ. Ẹni tó so ó mọ́ mi lọ́rùn ti kú. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ọrùn mi rèé."

Ọwọ́ Fátókun kò kúrò lórí orúnkún rẹ̀. Ẹfúnwùmí yí ọrùn náà ká fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó dìde.

"Òòṣà tí mò ń pọnmi fún yìí, òun ló ń mọ ọmọ sínú. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó mọ ọ̀kan fún Rosine. Ó ti wá mọ ọ́n báyìí, ẹ ní yóò bínú bí mo bá lọ wẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ta ló sọ fún yín?"

"Lọ," ni Fátókun wí. "Wàá padà wá bá a."

Ó lọ lóòótọ́. Ó pọn omi ọ̀sẹ̀, ó di òrí, ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn àti gàrí rẹ̀ sínú àpò, Kòkúmọ́ fúnra rẹ̀ ló fi alùpùpù gbé e dé ibi tó ti wọ ọkọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbà òjé wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ènìyàn wò ké mọ́ ọn ní Casablanca. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kó bọ́ ọ. Ẹfúnwùmí na ọwọ́ sí i pé kó bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Obìnrin náà fà á títí, kò kọjá eegun ọwọ́, ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ ẹ́ wò, ó ní kó máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kú. Ó ní nígbà tí bàálù kejì wọ orí òkun, àwòrán kékeré kan wà níwájú òun tó ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, kò sì yára ju ìgbín lọ. Ó ní ẹ̀rù kò ba òun rárá. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe wí nìyẹn.

Ọmọ ti bọ́ sáyé kó tó dé. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Oyèfúnkẹ́. Láti ọjọ́ tó dé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó wá wo ìyá ọmọ nílé ní wọn kì í ju ọmọ sókè, wọn kì í sì í fọwọ́ tẹ orí rẹ̀. Ẹfúnwùmí ní kí Rosine dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti jíjù sókè, ó gbọ́, ó jáwọ́ nínú rẹ̀, torí ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ òun kò le bíi ti ìgbà èwe mọ́. Ti orí ni kò gbọ́. Ó kàn rọra ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á ni.

Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá pé, yóò jí, yóò gbé abọ́ funfun kan lọ sídìí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, yóò pọn omi sí i, yóò sì gbé e ka etí fèrèsé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ Rosine kí i níbẹ̀, kò dáhùn, ọkùnrin náà sì rò pé òun ti ṣẹ ìyá ìyàwó òun. Rosine ló ṣàlàyé fún un. Ẹni tó bá ń pọn omi òòṣà kì í la ẹnu láti ìgbà tó bá ti gbé ohun ìpọnmi títí yóò fi sọ̀ ọ́, bó ti wù kí ẹni tó kí i ṣe pàtàkì tó. Ẹfúnwùmí mọ̀ pé abọ́ etí fèrèsé kọ́ ni ìkòkò ilé. Ìyẹn ló ṣe máa ń pe Fátókun lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ń pọn omi?"

"Ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ kó wà."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ fún un nìyẹn. Èmi tí mo jókòó síwájú ilé wọn, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, mo ní bóyá wọ́n gbàgbé. Ìkejì kọjá. Ní ìkẹta, mo bi Bernadette, ìyàwó Fátókun, nígbà tó mú aṣọ wá fún mi. Ojú tì í. Ó ní wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí gbogbo ẹbí lè fojú ara wọn rí ohun tí Ẹfúnwùmí fi sílẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo rán apá aṣọ mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà. Wọ́n ń tọ́jú òùngbẹ òòṣà pa mọ́ kó lè jẹ́rìí mọ́ ènìyàn. Èmi tí n kò sìn ín, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo dúró de Fátókun nígbà tó ń lọ sí ẹbu rẹ̀, mo ní, "Bàbá, omi ilé yín ti gbẹ o." Ó ní, "Sàrátù, máa rán aṣọ rẹ." N kò sọ fún Ẹfúnwùmí. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òkun wà láàárín. Kí ni ì bá ṣe?

Ogójì ọjọ́ pé, ó sì padà. Alẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́ di ọ̀sẹ̀ ló wọlé, wọ́n ní kó lọ sinmi, láàárọ̀ ni gbogbo ẹbí dé, àwọn ti Kpoulou, àwọn ti Adja-Ouèrè, gbogbo wọn. Ó fẹ́ gbé ohun ìpọnmi, Fátókun ní kó dúró ná. Ó pe gbogbo wọn sí ẹnu ilẹ̀kùn ojúbọ, ó sì ṣí i gbayawu. Láti ibi tí mo wà, mo rí ìkòkò náà. Aláǹtakùn ti ta okùn sí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni Fátókun wí. "Ẹ wo ohun tí ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ṣe sí òòṣà bàbá yín. Ṣé ó kù kí n tún sọ̀rọ̀?"

Ẹfúnwùmí wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò náà dé ìsàlẹ̀. Eruku ló fi yọ ọwọ́. Ó sunkún. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí ẹkún rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ó sunkún rẹ̀ tán, ó nu ojú, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi wà lẹ́yìn òkun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà?"

"Kì í ṣe ọrùn mi ni ìlẹ̀kẹ̀ wà."

"Ẹnu ilẹ̀kùn yìí lẹ ń gbà lọ sí ẹbu yín láràárọ̀. Ẹ mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa gbẹ ẹ́ kí ẹ lè rí mi mú. Mo ti wọ bàálù méjì lọ, mo ti wọ méjì bọ̀. N kò tíì rí ibi tó jìnnà tó ibi tí ẹ wà sí òòṣà yìí."

Fátókun wo àwọn ará Kpoulou, àwọn ará Kpoulou ń wo ìkòkò. Bernadette ti yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Igbẹ́kọ̀yí, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀ràn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo ti fi inú bú títí ó fi sú mi, ló dìde lórí ìjókòó rẹ̀.

"Fátókun, gbé ìkòkò."

"Ìyá?"

"Mo ní gbé e. Ọmọ ilé ni ìwọ náà. Èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí ìyá rẹ kò lè dìde. Lọ pọn omi wá."

Olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò ka èjìká, ó sì gba ọ̀nà odò lọ. Ọjọ́ ọjà ni, ènìyàn kún ojú ọ̀nà. Àwọn elépo kí i, àwọn ọlọ́kadà kí i, àwọn àna rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Adja-Ouèrè dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì ń kọjá lára gbogbo wọn láì fọhùn. Nígbà tó gbé omi padà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo dìde nídìí ẹ̀rọ, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò lè dáhùn. Mo tún un kí.